Ohun Tó Ń Jẹ Màlúù Bàbá Láti Inú

Ìjẹ̀gùn,
Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Karùn-ún, 2025

Àníkẹ́ mi, ọmọ Ajílété,

Salaam alaekum. Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ara wa le níbí, àfi ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí. Àbúrò rẹ Fàthíà ni yóò ya fọ́tò ìwé yìí tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, bó ṣe máa ń ṣe. O ní kí n máa gbìyànjú láti pè ọ́. Báwo ni n ó ṣe pè ọ́? Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi lu páànù mọ́tò ti gba etí mi lọ. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, bí ìgbà tí kòkòrò há sínú agolo ló ń ṣe létí mi. Ìwé ló kù tí mo fi ń gbọ́ ohùn rẹ.

Àwọn màlúù ni, Àníkẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wàrà wọn ti ń dín kù. Oníràwọ̀, èyí tó ní àmì funfun níwájú orí, tó máa ń fún wa ní korobá kan láràárọ̀, kò fún wa ju agolo kan lọ lánàá. Mo fọwọ́ ra ọmú rẹ̀ títí, ó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí àpò òfìfo. Àwọn mẹ́rin yòókù ń tẹ̀lé e. Wọn ò jẹun mọ́. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó gun òkè. Abẹ́ àgbọ̀n Oníràwọ̀ ti wú. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta bí okùn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Láti ìgbà tí ìyá yín ti ṣaláìsí, àwọn ẹran yìí ni mò ń jí bá.

Ohun mìíràn tún wà. O rántí Ìyá Mojísọ́lá, ìyá ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí ilé rẹ̀ fara ti ọgbà màlúù wa? Eṣinṣin àti òórùn wọn ń bí i nínú. Lóṣù tó kọjá, ó dúró lẹ́nu géètì mi, ó ní, "Alàájì, ẹ máa wò ó, ẹran wọ̀nyí ò ní pẹ́ kúrò níbí." Mo ka ètè rẹ̀, ó yé mi kedere. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á mú agogo àti àbẹ́là, á máa rìn yí ògiri wa ká. N ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màlúù lo lọ kọ́ nípa rẹ̀ ní Ireland. Ọdún kẹta rèé tí o ti ń tọ́jú ti òyìnbó. Tiwa ńkọ́? Fèsì kíákíá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣàfíù


Ireland,
Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Wa alaekum salaam. Mo kúnlẹ̀ kí yín o, ẹ kú àárẹ̀ ẹran. Ẹ má bínú pé mi ò fèsì lójú ẹsẹ̀. Màlúù mẹ́jọ ló bímọ lánàá ní oko tí a ti ń ṣiṣẹ́, a sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ wọn kí ilẹ̀ tó tún mọ́.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ni mò ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti sọ ọ́. Nínú ara màlúù, bíi tiwa náà, àwọn yàrá wà tí wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ààrò wà lóríṣiríṣi. Mitokọ́ńdíríà lorúkọ àwọn ààrò yẹn. Koríko tí màlúù jẹ ni igi ìdáná wọn, afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú ló ń fẹ́ iná náà, agbára sì ni wọ́n ń sè. Màlúù tó ń ṣe wàrà ń ná agbára ju ẹṣin tó ń sáré lọ. Bí ààrò bá ń jó dáadáa, wàrà á ya. Bí ààrò bá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, wàrà ló máa kọ́kọ́ gbẹ, ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e, ọkàn á wá ṣìkẹta. Iṣẹ́ mi ni láti wo bí ààrò ṣe ń jó lára màlúù tí wàrà rẹ̀ pọ̀ àti èyí tí wàrà rẹ̀ kéré.

Bàbá, ohun tí ẹ kọ já mi láyà. Èyí kì í ṣe ti ebi, kì í sì í ṣe ti aràn. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ohun kan ló ń jẹ agbára wọn láti inú wá, ohun tí a ò lè fojú rí. Mi ò tíì mọ ohun tó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe dókítà ẹran kí ọ̀la tó kọjá. Kí ni wọ́n ń jẹ báyìí? Ṣé ẹ yí oúnjẹ wọn padà? Omi wọn ńkọ́? Ẹ má dà wọ́n lọ síbi kankan. Kí ẹnikẹ́ni má mu wàrà wọn, pàápàá jù lọ ọmọ Fàthíà.

Ní ti Ìyá Mojísọ́lá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Obìnrin yẹn ló ń gbé ìrẹsì wá fún èmi àti Fàthíà nígbà tí Mọ́mì wà ní ọsibítù.

Ọmọ yín,
Ganiyat


Ìjẹ̀gùn,
Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Karùn-ún, 2025

Àníkẹ́,

Oníràwọ̀ ti kú. Mo ní kí ó dìde kí n gbá abẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó ṣubú lulẹ̀ gbì bí ògiri. Kò tilẹ̀ ké.

Ìwé rẹ dé. Nígbà tí mo kà á, ara mi bù máṣọ. Mo ti ń fura tẹ́lẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run kó má rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tó kàwé, ìwọ tó wà láàrin òyìnbó, ìwọ náà rí i láti ọ̀nà jíjìn: ohun kan ń jẹ wọ́n láti inú, ojú ò sì rí i. Kí ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa? O ò dárúkọ rẹ̀. Ó yé mi. Wọn kì í kọ orúkọ wọn sínú ìwé. O wá ń rán mi létí ìrẹsì tó fún yín jẹ. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Mo mú ìwé rẹ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Abdulganiyy, tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, ló kà á sókè. Nígbà tó dé ibi tí o ti ní ohun kan ń jẹ agbára wọn láti inú wá, ó dúró, ó tún un kà. Mo ń wo ojú àwọn ènìyàn. Ọkùnrin kan ní ọmọ òun náà ń rù láìnídìí. Obìnrin kan ní oyún òun wálẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Ìyá Mojísọ́lá ló sì fún òun ní omi àdúrà mu. Wọ́n ti fún un di ọ̀la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ó kó kúrò tàbí kí ó jẹ́wọ́.

N ò ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. N ò sì ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Dókítà ẹran tí o ní kí n pè, kí ni yóò wá wò? O béèrè oúnjẹ. Oúnjẹ wà, ó tilẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fàthíà ya fọ́tò Oníràwọ̀ mọ́ ìwé yìí, kí o lè fojú ara rẹ rí i.

Bàbá rẹ


Ireland,
Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Karùn-ún, 2025

Fàthíà, ohunkóhun tí o bá ń ṣe, jù ú sílẹ̀. Gbé fóònù yìí fún Bàbá kí wọ́n kà á.

Bàbá mi, ẹ má bínú pé mi ò kí yín. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Kì í ṣe ènìyàn ni mò ń sọ! Ẹ gbọ́ mi o, kì í ṣe ènìyàn. Èmi ni mo kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Mo fẹ́ kó dùn ún kà, mo fẹ́ kó yé yín lédè wa, mi ò rò ó pé etí ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Oògùn tàbí májèlé ni mo ní lọ́kàn.

Mo ti mọ ohun tó jẹ́ báyìí. Mo fẹ fọ́tò Oníràwọ̀ títí kò fi lè fẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, lára ògiri, àpò mẹ́ta dúró síbẹ̀. Àkùkọ ni wọ́n yà sí wọn lára. Bàbá, oúnjẹ adìyẹ nìyẹn. Mo sáré gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ó wò ó, ó ní, "Ta ló po oúnjẹ yìí? Ṣé wọ́n fi oògùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ sí i?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n ka gbogbo ohun tí ẹ sọ fún òun: wàrà tó gbẹ, mímí hẹlẹhẹlẹ, àgbọ̀n tó wú, iṣan ọrùn. Kí n tó kà á tán, ó ti ń mi orí.

Oògùn yẹn kì í pa adìyẹ bí ó bá mọ níwọ̀n. Bí ó bá pọ̀ tí màlúù sì jẹ ẹ́, inú àwọn ààrò tí mo sọ fún yín ló ń lọ. Á mú kí wọ́n wú títí wọ́n á fi kú, ti ọkàn àti ti ẹsẹ̀ jù lọ. Ìdí nìyí tí Oníràwọ̀ fi ṣubú nígbà tó dìde. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Inú àpò ló wà.

Ẹ kó àpò wọ̀nyẹn kúrò níwájú wọn báyìí báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀. Kí ẹ sì lọ sí mọ́ṣáláṣí lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ sọ fún Abdulganiyy pé ọmọ yín ló ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Ìyá Mojísọ́lá ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Mo ti pe Fàthíà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Fóònù rẹ̀ ò lọ.

Ganiyat


Ireland,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá, Fàthíà, ẹnikẹ́ni tó bá rí ìwé yìí,

Jímọ̀ ti kọjá. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Àmì kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi láti Ọjọ́bọ̀. Lánàá, ní agogo méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀, ó di méjì, ìyẹn ni pé ìwé ti dé sórí fóònù. Mo fò sókè. Mo tún pè, ó dún títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Láti ìgbà náà, kò lọ mọ́ rárá. Agogo méjì ni wọ́n ń kírun tán.

Mò ń wá Ìjẹ̀gùn nínú ìròyìn orí fóònù. Iná páìpù epo ọdún 2008 nìkan ló ń gbé jáde fún mi. Mò ń wo fọ́tò àwọn tó jóná nígbà náà, mi ò lè wò ó, mi ò sì lè gbójú kúrò. Mo ní ẹni tí mo mọ̀ ní Ẹgbẹ́dá tí mo bẹ̀ kó lọ wò yín. Ó ní òun gbọ́ pé ìjà wà lọ́nà ibẹ̀, òun ò lè lọ.

Ẹ̀jẹ̀ màlúù mẹ́fà bọ́ lọ́wọ́ mi nínú yàrá ìwádìí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré.

Ganiyat


Ìjẹ̀gùn,
Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Karùn-ún, 2025

Anti mi,

Màmá Mojísọ́lá ò kú. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹ lè mí.

Ẹ má bínú. Tiransifọ́mà àdúgbò wa gbiná ní Ọjọ́bọ̀, bí mo ṣe fi fọ́tò Oníràwọ̀ ránṣẹ́ sí yín tán báyìí ni fóònù kú. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòtún lọ́jọ́ Jímọ̀ ni mo fi sí iná. Àárín oníbàárà ni mo wà, mi ò tètè tàn án. Nígbà tí mo wá rí ohun tí ẹ kọ, mi ò ti ilẹ̀kùn. Mo gun ọ̀kadà. Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn ò dára, òjò ti rọ̀, ọ̀kadà rì sínú ẹrẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ibẹ̀ lẹ ti pè mí tí mi ò lè gbé e.

Mo gbọ́ ariwo wọn kí n tó yà sí àdúgbò wa. Wọ́n ti já géètì Màmá. Wọ́n ti fa aṣọ funfun lára wọn ya, yẹ̀rì nìkan ló kù lọ́rùn wọn. Abdulganiyy ń pariwo, "Jẹ́wọ́! Kí lo fi màlúù Alàájì ṣe?"

Màmá ní, "Àdúrà ni mo gbà. Mo ní kí Olúwa kó wọn lọ síbòmíràn ni o. Mi ò gbàdúrà ikú."

Ẹnì kan bá ké lókè, "Ẹ gbọ́ o! Ó ti jẹ́wọ́! Ó ní òun gbàdúrà sí wọn!"

Ibẹ̀ ni òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan bá wọn lápá òsì, mo gbọ́ bí egungun ṣe ró. Anti mi, mo rí ọkùnrin kan tó gbé táyà dání. Ṣé ó yé yín? Táyà.

Iwájú ni Bàbá wà. Mi ò lè parọ́ fún yín. Wọn ò fọwọ́ kan Màmá o, wọn ò sì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n iwájú ni wọ́n wà.

Mo na fóònù sí wọn lójú. Wọ́n tì mí dànù, wọ́n rò pé mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa bọ̀ nílé ni. Mo di jalámíà wọn mú, mi ò fi í sílẹ̀. Wọ́n wá gbà á. Ẹ mọ ojú wọn, wọ́n ní láti na fóònù jìnnà kí wọ́n tó lè ríran. Wọ́n ń kà á, ètè wọn ń mì, àwọn yẹn ń wọ́ Màmá lọ sójú títì. Mò ń ké pé, "Ẹ kà á kíá! Ẹ kà á kíá!" Wọn ò kúkú gbọ́. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún padà sókè, wọ́n tún un kà. Mi ò rí ohun tó pẹ́ tó ìyẹn rí láyé mi.

Bàbá wá kígbe. Ẹ mọ bí ohùn wọn ṣe rí látìgbà tí etí wọn ti lọ. "Èmi ni! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ẹran mi! Ẹ fi í sílẹ̀!"

Abdulganiyy ní, "Wọ́n ti yí Alàájì náà lórí." Bàbá bá já wọ àárín wọn, wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, wọ́n fa jalámíà wọn bo Màmá lórí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ju òkúta kó jù ú lu àwọn. Ẹnì kan jù ú. Ó bà wọ́n léjìká. Ìyẹn ló mú kí àwọn àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Kò pẹ́, Ebenezer, ọmọ Màmá tó ń gbé ní Gowon Estate, dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Kálukú fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Fóònù bọ́ sọnù nínú rògbòdìyàn yẹn, òní ni wọ́n tó bá mi rí i.

Oúnjẹ yẹn, Bàbá Zikrullah ọ̀rẹ́ Bàbá ló fún wọn, àwọn tó ń sin adìyẹ ní Ìgándò. Wọ́n ti fi adìyẹ sílẹ̀, oúnjẹ ṣẹ́ kù, wọ́n ní kí Bàbá fi bọ́ ẹran nítorí èèpo ẹ̀gẹ́ ti wọ́n. Àṣé nígbà tí adìyẹ wọn ń kú, wọ́n ti fọwọ́ ara wọn da oògùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i, wọn ò wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n bú sẹ́kún.

Dókítà ẹran ti dé, Dókítà Godswill. Ohun tí ọ̀gá yín sọ làwọn náà sọ. Pupa náà ti kú. Ó ku mẹ́ta. Ọmọ mi ò mu nínú wàrà yẹn láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ̀wé, ara rẹ̀ le.

Bàbá lọ wo Màmá ní ọsibítù lánàá. Ebenezer ò jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Àbúrò yín,
Fàthíà


Ireland,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ pẹ̀lẹ́ èjìká. Ṣé ẹ ti fi han dókítà?

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí. Mo fẹ́ gbóríyìn fún yín pé ẹ jókòó sínú ẹrẹ̀ yẹn. Mo sì ń bi ara mi pé kí ló gbé yín dé iwájú. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé kí n máa kí obìnrin yẹn kí n tó kọjá. Ẹ̀rù yín ń bà mí, Bàbá. Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Ẹ̀rù ara mi náà ń bà mí. Gbólóhùn mi ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Mo máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, màá rí apá Màmá tó kán.

Iléyá ń bọ̀. Wọn yóò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ ta àwọn mẹ́ta tó kù. Ẹ má tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni, oògùn yẹn wà lára wọn. Kí ẹ sì lọ bá Màmá fúnra yín. Ẹ má rán Fàthíà, ẹ má rán lémọ́ọ̀mù.

Mò ń retí ìwé yín.

Ganiyat


Ìjẹ̀gùn,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà, 2025

Àníkẹ́ mi,

Salaam alaekum. O ti retí mi pẹ́. Fàthíà sọ fún mi pé o ń bi òun lójoojúmọ́ bóyá mo ti kú. N ò kú. Ìwé ni n ò rí kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ya á.

Àwọn mẹ́ta tó kù ti ń jẹun. Wàrà wọn ò padà. Dókítà ní àpá ti wà lára ọkàn wọn, pé kí n má retí ohun púpọ̀. Àwọn oníbàárà Iléyá wá, wọ́n wá gan-an, ọ̀kan tilẹ̀ mú okùn dání. Mo sọ ohun tó wà lára ẹran fún wọn. Èyí tó mú okùn ní ṣé èmi ni n ó jẹ ẹ́ ni, kí n gba owó kí n panu mọ́. Mo ti géètì. A ò pa nǹkan kan lọ́dún yìí. Abdulganiyy kì í wò mí lójú mọ́. Bí ó bá rí mi lókèèrè, á sọdá. Èmi náà máa ń sọdá.

Mo lọ níjẹta, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ìsinmi, kí n lè bá Ebenezer nílé, níbi tí ìyá rẹ̀ wà láti ìgbà tó ti kúrò ní ọsibítù. Èmi nìkan ni mo lọ. Nígbà tí mo ń gun afárá Ìyànà Ìpájà, mo dúró lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe àárẹ̀. Mo fẹ́ padà.

Ebenezer ṣílẹ̀kùn, ó rí mi, ó fẹ́ tì í. Mo rí i tó yíjú sẹ́yìn, ó hàn pé ìyá rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó yà fún mi. Ìyá Mojísọ́lá jókòó sórí àga, apá rẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì. Ó ti rù. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo dàgbà ju ọkọ rẹ̀ lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀: oúnjẹ adìyẹ, oògùn, ìwé rẹ, bí mo ṣe gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. N ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi mọ́ ara mi.

Wọ́n gbé omi fún mi. Ìyá Mojísọ́lá jẹ́ kí n gbórí sókè, ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí n lè ka ètè rẹ̀. Ó ní, "Alàájì, mo gbọ́. Oúnjẹ ló pa wọ́n. Ká ní a ò wá mọ ohun tó pa wọ́n títí dòní ńkọ́? Ṣé èmi náà ni?"

Àníkẹ́, mo la ẹnu. Mo jókòó síbẹ̀ títí omi náà fi gbóná. Ebenezer jáde, ó tún wọlé. Ìyá rẹ̀ ń wò mí, kò bínú, ó kàn ń dúró ni. Nígbà tó pẹ́, ó ní kí n máa lọ sílé, ìgbà tí mo bá rí èsì kí n padà wá.

Mo mọ̀ ọ́, o ó fẹ́ kọ ọ́ fún mi. O ó wá gbólóhùn dáadáa kan. Má kọ ọ́. Èmi ló bi.

Bàbá rẹ,
Ṣàfíù